Kápẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ mi ń mu omi, dílà ní wáráńtì ò kàn án. Ṣé kí n fúnra mi tún un ṣe?

Ẹlẹ́sẹ̀Tútù

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ gbà mí níyànjú kí n tó ṣe ohun tí mo máa kábàámọ̀.

Ọkọ̀ mi ò tíì pé ọdún méjì. Wáráńtì rẹ̀, ìyẹn ìlérí ilé-iṣẹ́ tó ṣe é pé àwọn á tún ohun tó bá jẹ́ ẹ̀bi àwọn ṣe lọ́fẹ̀ẹ́, jẹ́ ọdún mẹ́ta tàbí 60,000 kìlómítà, èyí tó bá kọ́kọ́ pé. 27,000 ni mo ṣì wà. Láti bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ni kápẹ́ẹ̀tì ibi tí èrò iwájú ń gbé ẹsẹ̀ sí ti máa ń rin gbingbin. Wọ́n ní ẹni tó bá da omi síwájú á tẹ ilẹ̀ tútù. Èmi ò da omi kankan síwájú o, ilẹ̀ tútù ni mò ń tẹ̀ lójoojúmọ́.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti gbé e lọ sí dílà, àwọn tó ń ta irú ọkọ̀ yìí tí wọ́n sì ń tún un ṣe fún ilé-iṣẹ́. Nígbà àkọ́kọ́, wọ́n gbà á lọ́wọ́ mi láàárọ̀, wọ́n dá a padà nírọ̀lẹ́, wọ́n kọ ọ́ síwèé pé "a ò rí ìṣòro kankan." Nígbà kejì, ọmọkùnrin tó ń gba ọkọ̀ wọlé bi mí bóyá àwọn ọmọ mi máa ń da omi sílẹ̀ nínú ọkọ̀. Mi ò tíì bímọ. Ìgbà kẹta ló dùn mí jù: wọ́n ní omi tó bá ti ìta wọlé kì í ṣe ẹ̀bi ilé-iṣẹ́, wáráńtì ò kàn án, àti pé bí mo bá fẹ́ kí wọ́n ká kápẹ́ẹ̀tì wò, èmi ni màá sanwó gbogbo wákàtí tí wọ́n bá fi ká a.

Bí mo ṣe délé, mo dọ̀bálẹ̀ sínú ọkọ̀ tèmi ti iná fóònù lẹ́nu. Mo tú ike kékeré kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi jíà, lápá èrò. Mo rí páìpù rọ́bà dúdú kan lẹ́yìn rẹ̀, kò nípọn ju àtàǹpàkò lọ, ó tẹ̀ bí ìgbọ̀nwọ́. Ẹnu rẹ̀ ti yọ kúrò níbi tó yẹ kó wọ̀. Omi ń kán níbẹ̀, tó, tó, tó, tààrà sí abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì. Mo tì í padà, ó wọlé. Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn náà, ó tún yọ.

Ìbéèrè mi nìyí: ṣé kí n fi okùn ike dì í kí n gbàgbé dílà, àbí bí mo bá ṣe bẹ́ẹ̀ wáráńtì mi ti kú nìyẹn? Mo pè wọ́n pé mo ti wo ibẹ̀, ẹni tó gbé fóònù ní "háà, ẹ ti tú u nìyẹn o," bí ẹni pé mo pààyàn.

(Sípánà 10 mi tún já bọ́ síbẹ̀. Mi ò rí i mọ́ títí di òní.)

MáFọwọ́KànÁn

Ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan mọ́. Owó wáráńtì wà nínú iye tí ẹ fi ra ọkọ̀, ẹ ti san án tẹ́lẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣiṣẹ́ wọn.

SípánàMẹ́wàá

Kí wọ́n ṣiṣẹ́ wọn kẹ̀? Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ọkùnrin yìí lọ!

Ẹlẹ́sẹ̀Tútù, páìpù AC lẹ rí yẹn. Irin kan wà nínú dáṣíbọ́ọ̀dù tó máa ń tutù gan-an tí AC bá ń ṣiṣẹ́. Atẹ́gùn tó bá gba ara rẹ̀ kọjá á fi omi inú rẹ̀ sílẹ̀ síbẹ̀, bí ara ife omi tútù ṣe máa ń làágùn. Àwo kan ló ń gba omi yẹn, páìpù ìgbọ̀nwọ́ yẹn ló sì ń gbé e gba ara irin tó pààlà inú ọkọ̀ àti ẹ́ńjìnnì jáde sílẹ̀. Omi tí ẹ máa ń rí lábẹ́ ọkọ̀ tó dúró tí AC rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, òun náà ni, kò sí ewu níbẹ̀. Ẹ wo abẹ́ ọkọ̀ tiyín. Bí AC bá ti ṣiṣẹ́ fún ìdajì wákàtí tí ilẹ̀ ibẹ̀ ṣì gbẹ táútáú, inú ọkọ̀ lomi ń lọ.

Sípánà 10 kì í sọnù ní tiẹ̀, ó kàn máa ń ṣí lọ ni. Mẹ́fà ni mo ti rà.

BàbáJíà

Ẹ kọ́kọ́ rí i dájú pé omi lásán ni. Omi rédíétọ̀ náà lè gba ibẹ̀ jáde, torí pé rédíétọ̀ kékeré tó ń mú inú ọkọ̀ gbóná kò jìnnà síbẹ̀. Ẹ fi ìwé ìnujú funfun tẹ̀ ẹ́. Omi AC kò ní àwọ̀, kò ní òórùn. Tí rédíétọ̀ máa ń yọ̀ lọ́wọ́, ó ní àwọ̀, òórùn rẹ̀ máa ń dùn, gíláàsì iwájú á sì máa ṣú láti inú. Ẹ má tọ́ ọ wò o, májèlé ni.

Bí ó bá sì jẹ́ ìgbà tí òjò bá rọ̀ nìkan ló ń tutù, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn, ẹ lọ wo ihò tí omi òjò orí òrùlé ọkọ̀ ń gbà jáde.

Ẹlẹ́sẹ̀Tútù

Bàbá, ẹ ṣé. Mo ti fi ìwé tẹ̀ ẹ́, omi lásán ni, kò yọ̀. Òjò ò rọ̀ níbí láti ọ̀sẹ̀ méjì. Abẹ́ ọkọ̀ náà gbẹ, bí SípánàMẹ́wàá ṣe wí gan-an.

ỌmọWọ́kíṣọ́ọ̀bù

Mo fi ọdún mẹ́sàn-án ṣiṣẹ́ ní wọ́kíṣọ́ọ̀bù dílà kí n tó kúrò níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí wọn kì í sọ fún oníbàárà.

Ní ọ̀pọ̀ dílà, kì í ṣe wákàtí tí mẹkáníìkì fi ṣiṣẹ́ ni wọ́n ń sanwó fún. Ìwé kan wà tó ti sọ ọ́ pé iṣẹ́ báyìí, wákàtí kan àbọ̀; iṣẹ́ tọ̀hún, ogójì ìṣẹ́jú. Bí o bá yára parí, èrè rẹ ni. Bí o bá sì fi gbogbo ọjọ́ ṣe é, ohun tí ìwé wí náà lo máa gbà. Wàyí o, wákàtí tí ilé-iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ bá fọwọ́ sí fún iṣẹ́ wáráńtì sábà máa ń kéré sí èyí tí dílà ń kà sọ́rùn oníbàárà tó ń fi owó ara rẹ̀ tún ọkọ̀ ṣe. Iṣẹ́ kan náà, ọwọ́ kan náà, owó ò dọ́gba. Tó bá wá jẹ́ ìṣòro tó ń wá tó ń lọ bíi ti omi yìí ńkọ́? Kí n jókòó sínú ọkọ̀ fún wákàtí kan, kí n máa wò ó bóyá omi á kán, ta ló máa san tèmi? Èmi náà ti kọ "a ò rí ìṣòro kankan" rí, mi ò ní purọ́. Mo tan AC fún ìṣẹ́jú márùn-ún láàárọ̀ kùtù tí ooru ò tíì mú, mo fọwọ́ kan kápẹ́ẹ̀tì, mo fọwọ́ sí káàdì, mo wa ọkọ̀ mìíràn wọlé.

Ohun kejì ni ọ̀rọ̀ tó wà lórí káàdì iṣẹ́. Kí dílà tó rí owó gbà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́, ohun mẹ́ta gbọ́dọ̀ wà lákọsílẹ̀: ohun tí oníbàárà sọ, ohun tó fà á, ohun tí wọ́n ṣe sí i. Bí ẹ bá dé ibẹ̀ tí ẹ ní "ọkọ̀ mi ń tutù," ẹ ti bà á jẹ́ látìbẹ̀rẹ̀. Ẹ sọ pé: "Tí AC bá ti ṣiṣẹ́ fún ogójì ìṣẹ́jú, omi tí kò ní àwọ̀ máa ń jáde lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù lápá èrò iwájú, abẹ́ ọkọ̀ á sì gbẹ." Ẹ dúró tì í títí á fi kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ẹ kà á kí ẹ tó fọwọ́ sí i.

Ẹ̀rù sì tún ń bà wọ́n. Ilé-iṣẹ́ máa ń rán èèyàn wá yẹ ìwé wáráńtì dílà wò, wọ́n sì lè ní kí wọ́n kó páàtì tí wọ́n yọ ránṣẹ́. Ìwé tí kò bá gún, wọ́n á gba owó wọn padà. Ohun tó fi ń yá wọn lẹ́nu láti sọ pé "ẹ ti tú u" nìyẹn.

Nítorí náà, ẹ má dì í. Kì í ṣe pé ẹ ò lè dì í, iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni. Àmọ́ tí ẹ bá dì í, omi á dáwọ́ dúró, ẹ̀rí yín náà á sì bá a lọ. Ẹ ya fídíò rẹ̀ bó ṣe ń kán, kí iye kìlómítà hàn nínú fídíò kan náà láìgé e. Ẹ wá gbé e lọ lọ́sàn-án gangan, kí AC ti máa ṣiṣẹ́ láti ilé.

MáFọwọ́KànÁn

Ṣé ẹ rí i? Ohun tí mo sọ náà ni. Ẹ má fọwọ́ kàn án.

SípánàMẹ́wàá

Ẹ sinmi. Ká ní kò fọwọ́ kàn án, níbo ni ì bá ti rí páìpù?

ÌyáRìsíìtì

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Láti ìgbà tí ọkọ̀ mi ti wà ní 10,000 kìlómítà ni mo ti ń fúnra mi pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀. Nígbà tó di 48,000, ariwo bẹ̀rẹ̀ níwájú ẹ́ńjìnnì láàárọ̀, bí ìgbà tí èèyàn bá ń mi ìṣó nínú agolo, iná ẹ́ńjìnnì sì tàn. Dílà ní ọ̀rọ̀ ṣéènì inú ẹ́ńjìnnì (timing chain) ni, iṣẹ́ ńlá. Ìbéèrè tí wọ́n kọ́kọ́ bi mí ni: níbo lẹ ti ń ṣe sáfíìsì? Mo ní èmi fúnra mi ni. Ojú ọkùnrin náà yí padà. Ó ní kí n mú ẹ̀rí wá.

Mo kó rìsíìtì lọ. Wọ́n ní rìsíìtì kàn fi hàn pé mo ra ọ́ìlì ni, kò fi hàn pé inú ọkọ̀ yìí ni mo dà á sí. Inú bí mi, àmọ́ tí a bá gbé e wò dáadáa, wọn ò jẹ̀bi pátápátá. Èmi náà lè ra ọ́ìlì fún ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n mi.

Ohun tó yọ mí ni àwòrán. Mo ní àṣà kan, ọkọ mi máa ń fi ṣe mí ní yẹ̀yẹ́: tí mo bá fẹ́ pààrọ̀ ọ́ìlì, mo máa ń gbé ike ọ́ìlì kalẹ̀ síwájú dáṣíbọ́ọ̀dù kí 0W-20 tó wà lára rẹ̀, ìyẹn irú ọ́ìlì tó jẹ́, hàn, pẹ̀lú iye kìlómítà lẹ́yìn rẹ̀, màá wá yà á. Mo máa ń fi máàkà kọ ọjọ́ àti kìlómítà sára fíltà tuntun náà kí n tó dè é. Àwòrán mẹ́rin, rìsíìtì mẹ́rin, ọjọ́ wọn bára mu. Ó gbà tó ọ̀sẹ̀ márùn-ún, ṣùgbọ́n wọ́n ṣe é láìgba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi. Ọkọ mi náà ti ń ya àwòrán báyìí.

ÒfinLóSọ̀rọ̀

Kì í ṣe pé wọ́n ṣàánú ìyá yìí o. Ní Amẹ́ríkà, òfin wáráńtì tí wọ́n ń pè ní Magnuson-Moss ti wà láti ọdún 1975. Ilé-iṣẹ́ ò lè sọ pé àfi páàtì tó ní orúkọ àwọn lára, tàbí àfi wọ́kíṣọ́ọ̀bù àwọn, kí wáráńtì tó dúró, àyàfi tí wọ́n bá ń fún yín lọ́fẹ̀ẹ́ tàbí tí ìjọba bá dìídì gbà wọ́n láyè. Bí wọ́n bá ní ọwọ́ yín ló ba ọkọ̀ jẹ́, àwọn ló ní ẹrù ẹ̀rí lọ́rùn. Ní Yúróòpù, ìlànà ìdíje lórí ọjà ọkọ̀ tó jáde lọ́dún 2010 ń lọ sọ́nà kan náà. Níbi tí kò bá ti sí irú òfin bẹ́ẹ̀, ìwé pẹlẹbẹ wáráńtì tó wà nínú ọkọ̀ yín ni òfin yín, ẹ jókòó kà á.

Àmọ́ ó níbi tó mọ. Ohun tí iṣẹ́ ọwọ́ yín bá bà jẹ́, tiyín ni. Ohun tí ò kàn án ṣì wà lábẹ́ wáráńtì. Bíréèkì tí ẹ fúnra yín pààrọ̀ ò lè ba wáráńtì jíà jẹ́. Ẹni tó bá ní "wáráńtì yín ti kú" lódindi, ẹ ní kó kọ ọ́ síwèé fún yín, kó tọ́ka sí ojú ìwé tó wà. Ọ̀pọ̀ wọn kì í lè kọ ọ́.

MáFọwọ́KànÁn

Ó dáa, ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí mo fi ń jẹ́ orúkọ mi.

Èmi náà ti pààrọ̀ ọ́ìlì rí. Ẹ̀ẹ̀kan péré. Mo tú fíltà àtijọ́, mi ò wo ẹnu rẹ̀. Òrùka rọ́bà rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ ara ẹ́ńjìnnì. Mo wá de fíltà tuntun lé e lórí pẹ̀lú òrùka tirẹ̀. Òrùka méjì lórí ara wọn. Mo tan ọkọ̀, gbogbo nǹkan dáa, mo tiẹ̀ ń súfèé. Kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ lójú títì, ọ̀kan yọ láàárín wọn, ọ́ìlì dà jáde bí ìgbà tí wọ́n tú ẹnu àgbá. Ìgbà tí iná pupa fi tàn tí mo fi rí ibi tí mo máa yà sí, ẹ́ńjìnnì ti ń ké. Dílà wò ó, wọ́n yọ fíltà, wọ́n fi òrùka méjèèjì hàn mí lórí àtẹ́lẹwọ́. Kí ni mo fẹ́ sọ? Ẹ̀bi mi ni.

ÌyáRìsíìtì

Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ìdí tí mo fi máa ń fi ìka yí ẹnu ibẹ̀ po kí n tó de tuntun nìyẹn.

SípánàMẹ́wàá

Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n. Mi ò mọ̀, mo ti ń fọ̀rọ̀ gún yín látàárọ̀. Èmi náà ti fún nọ́ọ̀tì abẹ́ ẹ́ńjìnnì pọ̀ jù rí títí ojú rẹ̀ fi já, torí pé mo ní agbára lápá, mi ò ní sípánà tó ń ka agbára.

Ẹlẹ́sẹ̀Tútù, mo gbàgbé ohun kan tó ṣe pàtàkì: tí ẹ bá tún ń tẹ ọwọ́ bọ abẹ́ ibẹ̀, wáyà tí ìdè rẹ̀ bá pọ́n rẹ́súrẹ́sú bíi pupa inú ẹyin, ti àpò afẹ́fẹ́ tó ń bú jáde nígbà ìjàǹbá ni. Ẹ má yọ ọ́, ẹ má fà á. Tó bá sì jẹ́ ọkọ̀ oníbátìrì ńlá, wáyà aláwọ̀ ọsàn kì í ṣe ibi eré rárá. Ó lè pààyàn.

Awakọ̀Òru

Mo pẹ́ dé. Ohun méjì.

Àkọ́kọ́, ẹni tó bá ní sikánà nílé, ẹ̀rọ tó ń ka kóòdù ìṣòro látinú kọ̀ǹpútà ọkọ̀, tí iná ẹ́ńjìnnì bá tàn, ẹ ka kóòdù, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ má pa á rẹ́ kí ẹ tó lọ sí dílà. Kọ̀ǹpútà ọkọ̀ máa ń ya ìṣẹ́jú tí ìṣòro ṣẹlẹ̀ sọ́kàn: eré tí ọkọ̀ ń sá, bí ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná tó. Tí ẹ bá pa kóòdù rẹ́, gbogbo ìyẹn lọ. Dílà á rí i pé ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ nù ún, torí àwọn àyẹ̀wò tí ọkọ̀ ń ṣe fúnra rẹ̀ á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa bẹ̀rẹ̀ látòkè. Ẹ nu ẹ̀rí yín, ẹ tún wá jọ olè.

Èkejì, ẹ bi wọ́n bóyá ilé-iṣẹ́ ti kọ ìwé ránṣẹ́ sí àwọn dílà nípa omi nínú irú ọkọ̀ yín. Ilé-iṣẹ́ máa ń kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ bá ń ní ìṣòro kan náà. Kì í ṣe pípè tí wọ́n ń pe ọkọ̀ padà wá tún ṣe, tí wọ́n ń kéde fún gbogbo ayé o, ti ààbò nìyẹn. Èyí jẹ́ ti inú ilé wọn, wọn kì í pè yín sí i. Ẹ̀yin lẹ máa béèrè.

(Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n ta wáráńtì àfikún fún yín níbi tí ẹ ti ń bínú. Ẹlòmíì ló máa ń wà lẹ́yìn ọ̀pọ̀ wọn, kì í ṣe ilé-iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀. Tèmi gùn ní ojú ìwé 22, ojú ìwé mẹ́sàn-án nínú rẹ̀ jẹ́ ohun tí wọn ò ní san.)

Ẹlẹ́sẹ̀Tútù

Mo ti dé o, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà. Ẹ fara balẹ̀.

Mi ò dì í. Mo ya fídíò. Mo lọ ní aago méjì ọ̀sán, AC ti ń ṣiṣẹ́ fún bí ìṣẹ́jú àádọ́ta. Ọmọkùnrin ọjọ́sí náà ló jáde. Mo bẹ̀ ẹ́ kó wọlé jókòó lápá èrò ká jọ sọ̀rọ̀ torí oòrùn. Ó wọlé. Mò ń ka ohun tí ỌmọWọ́kíṣọ́ọ̀bù kọ fún un látorí fóònù, ó ń kọ ọ́ sórí káàdì, ó ń mi orí. Ó ṣe díẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún sókè. Ó wo bàtà rẹ̀. Ó wo mí. Mi ò sọ nǹkan kan.

Mo wá béèrè ìwé tí Awakọ̀Òru sọ. Ó lọ pe ọ̀gá wọ́kíṣọ́ọ̀bù, ìyẹn tẹ kọ̀ǹpútà, ó dákẹ́, ó tún tẹ̀ ẹ́. Ìwé náà ti wà nílẹ̀ láti oṣù mẹ́jọ! Páìpù yẹn gan-an: wọ́n ti ṣe tuntun tó gùn díẹ̀ tó sì ní ìdè irin. Oṣù mẹ́jọ, mo sì lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta nínú rẹ̀.

Páìpù, wọ́n ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́. Ìjà wá di ti fóòmù abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì tó ti ń rùn. Máníjà ní wọ́n á gbẹ ẹ́, wọn ò ní pààrọ̀ rẹ̀, torí mo ti "tú ibẹ̀." Mo ní kó kọ ọ́ síwèé pé títú tí mo tú ike ló jẹ́ kí fóòmù rin. Kò kọ ọ́. Mo kọ ímeèlì sí ilé-iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ fúnra wọn, mo so fídíò àti káàdì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́ ọn. Ọjọ́ kọkànlá, wọ́n pè mí pé kí n mú un wá fún fóòmù tuntun. Òórùn náà ò tíì lọ tán, mo ń ṣí fèrèsé.

ỌmọWọ́kíṣọ́ọ̀bù

Inú mi dùn. Ọ̀rọ̀ bàtà yẹn ló pa mí lẹ́rìn-ín jù.

SípánàMẹ́wàá

Sípánà 10 yín ńkọ́?

Ẹlẹ́sẹ̀Tútù

Háà, mo gbàgbé! Wọ́n rí i lábẹ́ fóòmù. Wọ́n dì í sínú àpòòwé pẹ̀lú káàdì iṣẹ́, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ gbangba: "irinṣẹ́ oníbàárà, sípánà 10, ẹyọ kan, a dá a padà."

SípánàMẹ́wàá

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bi wọ́n bóyá wọ́n rí mẹ́fà mìíràn.